Ọmọ mi ní èmi tí mo ru omi dúró kò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin onífísíìsì, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Jagun (Ọjọ́bọ̀, 8:42 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé mi tó jọ ẹ̀rín tó sì jọ ìbínú. Iná ò sí láti àná, omi ò lè gun táńkì, ni mo bá gbé garawa, mo lọ pọnmi nílé ará àdúgbò kan. Ìgbà tí mo máa fi dé, ọmọ ti ti géètì láti inú. Mo gbá a, mo pè é, kò gbọ́, ó ti ki nǹkan bọ etí méjèèjì. Garawa wà lórí mi, n ò lè dá a sọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó ṣílẹ̀kùn. Mo ní, "O jẹ́ kí iṣẹ́ pa mí síta yìí!" Ọmọ ọdún méjìlá wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ dúró lójú kan ni. Tíṣà wa ní bí nǹkan ò bá kúrò níbi tó wà, kò síṣẹ́ níbẹ̀."

Ọwọ́ mi ti gbéra. Àmọ́ ó ti sáré gbé ìwé wá, bẹ́ẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

JSS 2 ló wà. Wọ́n máa ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lórí bí nǹkan ṣe ń rìn, agbára, àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké. Èlùbọ́ ni mo ń tà ní Ọjà Jagun, mo ka ìwé mẹ́wàá ṣùgbọ́n n ò ṣe sáyẹ́ǹsì. Ṣé òótọ́ ni ohun tó sọ? Ojú ìwé kejì tún ní ẹ̀rọ ń mú kí iṣẹ́ rọrùn. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ní n ò ṣe yẹn náà ni?

Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn (9:05 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ ma. (Ẹ jẹ́ n tètè kí yín bẹ́ẹ̀ kí n tó débi tí n ò ní lè kí i mọ́.)

Ọmọ yín sọ òótọ́, ẹnu tó fi sọ ọ́ ni kò dáa. Iṣẹ́ inú ìwé kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi ń kí ara wa. Lọ́dọ̀ àwọn onífísíìsì, ipá tí ẹ fi gbé nǹkan tàbí tí ẹ fi tì í ni wọ́n á mú, wọ́n á wo bí nǹkan náà ṣe rìn jìnnà tó lápá ibi tí ipá yẹn kọjú sí, wọ́n á sọ méjèèjì lọ́nà ara wọn. Newton ni wọ́n fi ń wọn ipá, joule ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́.

Garawa oní-lítà mẹ́wàá, omi inú rẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́wàá. Ilẹ̀ ń fa kílò kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ pẹ̀lú newton 9.8, àmọ́ 10 ni wọ́n ń lò ní JSS kí ìṣirò má baà le. Nítorí náà, 100 newton lẹ fi gbé e. Ká ní látilẹ̀ dé orí yín jẹ́ mítà kan ààbọ̀: 150 joule. Ibẹ̀ lẹ ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ dúró lẹ́nu géètì, 100 newton ṣì ń tẹ̀ yín lórí, ṣùgbọ́n garawa ò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà òfo, òfo náà ni.

Èyí tó máa dùn yín jù rèé: bí ilẹ̀ bá tẹ́jú láti ilé ará àdúgbò dé ilé yín, ipá tí ẹ fi gbé garawa ró kò ṣe iṣẹ́ kankan lójú ọ̀nà náà. Òkè ni ipá yẹn kọjú sí, iwájú lẹ̀ ń lọ.

Ọmọ Ajílété (9:11 alẹ́)

Ẹ̀rín pa mí o! Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń pe aláàrù kó ẹrù gbọ́ èyí. Wọ́n á ní ilẹ̀ tẹ́jú, àwọn ò ní sanwó.

Ìyá Ìbejì Jagun (9:20 alẹ́)

Tíṣà, mo gbọ́ ìṣirò yín. Ṣùgbọ́n ọrùn ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Ṣé ọrùn mi ń parọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Aláṣọ Funfun (9:34 alẹ́)

Ọrùn yín ò parọ́ ma.

Ẹ gbé garawa yẹn lé tábìlì, kó wà níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kì í rẹ tábìlì, torí tábìlì ò jẹun. Iṣan tiwa ò rí bíi pákó. Fọ́nrán tíntìntín ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ọrùn dúró gan-an, àwọn fọ́nrán yẹn kì í fà kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀. Èyí á fà, á tú, òmíràn á gbà á, á fà, á tú, láìdáwọ́ dúró. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà ni wọ́n ń jẹ nínú ṣúgà tí oúnjẹ fi sára yín. Agbára kúrò lára yín lóòótọ́, àmọ́ kò wọnú garawa. Ooru ló dà, òógùn yẹn sì lẹ́rìí rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi ọmọ léèrè, kó pín in sí méjì: ìwọ́ ò ṣiṣẹ́ sára garawa, ṣùgbọ́n ara rẹ ná agbára.

Ọmọ Ajílété (9:37 alẹ́)

Ìdí nìyẹn táwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń jẹkà ká tó mùkọ yangan. A ti mọ̀rọ̀ agbára kí òyìnbó tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá Tíṣà Àná (10:02 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu ò fẹ̀yìn tì.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń pè ní agbára: fọ́ọ̀sì, agbára ni; énájì, agbára ni; páwà, agbára ni. Ọmọ á gbọ́ "agbára" lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á wá rò pé ọ̀kan náà ni. Nígbà tí mo ń kọ́ wọn, ipá ni mo ń pe ti àkọ́kọ́, ìyẹn fífà tàbí títì. Mo fi agbára sílẹ̀ fún èkejì, ohun tó wà nínú nǹkan tó fi lè ṣiṣẹ́: àmàlà ní in, epo bẹntiróò ní in, òkúta tó gúnwà sórí àpáta ní in kó tó já bọ́. Ẹ̀kẹta ni bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Ẹni méjì fa omi garawa kan náà nínú kànga kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fà á láàárín ìdajì ìṣẹ́jú ní páwà ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó fi ìṣẹ́jú méjì fà á. Watt ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn, joule kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. "Agbára ẹṣin" tí wọ́n ń kọ sára ẹ́ńjìnì ńkọ́? Ẹṣin kan ló jẹ́ 746 watt.

Ọmọ Lẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH (10:09 alẹ́)

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bi ọmọ náà léèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí la fẹ́ fi ipá àti agbára ṣe? Ẹ jẹ́ kó há ti Gẹ̀ẹ́sì sórí, kó lọ kọ ọ́.

Bàbá Tíṣà Àná (10:31 alẹ́)

Ó ti há a sórí, kò há a bí? Ibi tó há a sí náà ló ti bọ́ sí ìyá rẹ̀ lójú.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọn ò sì kùnà nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ohun tó bá yé ọmọ lédè ìyá rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi kọ́ orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Èyí tí kò yé e, á máa rù ú kiri bí ìyá rẹ̀ ṣe ru garawa.

Mẹkáníìkì Sábó (Ọjọ́ Ẹtì, 6:50 àárọ̀)

Àárọ̀ ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà síbi ẹ̀rọ tí Ìyá Ìbejì béèrè, torí ẹ fò ó dá. Ẹ̀rọ ń dín iṣẹ́ kù ni. Ọmọ iṣẹ́ mi rèé, ó tín-ín-rín bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, jáàkì ló fi ń gbé mọ́tò. Bí mo bá ní kó fọwọ́ lásán gbé e, ìdí ẹ̀ á já. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ló dín kù, kí ló dín kù?

Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn (7:15 àárọ̀)

Ipá ló dín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi wo nǹkan méjì bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń yí ọwọ́ jáàkì kí mọ́tò tó gòkè tó 20 sẹ̀ńtímítà? Báwo ni ọwọ́ jáàkì náà ṣe gùn tó láti ojú ibi tó ti ń yí?

Mẹkáníìkì Sábó (1:22 ọ̀sán)

A ti kà á. Jáàkì onísíkúrù ni, èyí tó ń la ẹnu bí àlùmọ́gàjí. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ máa kà á sókè, ó pe mẹ́tàlélógún lẹ́ẹ̀mejì, la bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, títí tó fi pé ogójì. Ọwọ́ rẹ̀ gùn ní 20 sẹ̀ńtímítà. Àwọn oníbàárà ń wò wá bí ẹni tí orí dàrú. Ó yá, ẹ ṣe ìṣirò yín.

Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn (2:10 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ gidi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó.

Ọwọ́ tó gùn ní 20 sẹ̀ńtímítà, tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó rìn tó mítà kan àti ìdámẹ́rin. Ogójì ìgbà: 50 mítà. Ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yín rin 50 mítà kí mọ́tò tó gòkè ní 20 sẹ̀ńtímítà! Ká ní kílò 300 ni apá mọ́tò tí jáàkì gbé, 3,000 newton nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ lọ́nà 0.2 mítà: 600 joule. Ẹ wá pín 600 yẹn sí 50 mítà tí ọwọ́ rìn, newton 12 ni, bí ẹni gbé ìgò omi lítà kan tó lé díẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rọ ṣe. Ó gba ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ yín, ó fi ipá kékeré san án padà fún yín. Iṣẹ́ ò dín.

Kódà ó pọ̀ sí i. Kì í ṣe 12 newton ni ọmọ náà ń lò gan-an, torí ẹnu síkúrù ń ha ara wọn. Ká ní 36 ló ń lò, 1,800 joule ló ṣe, mọ́tò gba 600 níbẹ̀, ìyókù di ooru lára irin. Ẹ fọwọ́ kan síkúrù náà lẹ́yìn tí ẹ bá gbé mọ́tò mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn.

Mẹkáníìkì Sábó (2:18 ọ̀sán)

Ó máa ń gbóná lóòótọ́!! Mo ti rò pé oòrùn ni.

Ìyẹn ni pé kí n wá bí n ṣe máa mú híha yẹn kúrò pátápátá.

Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn (2:25 ọ̀sán)

Ẹ má dán an wò o. Híha yẹn ló di mọ́tò mú. Bí ẹ bá yọwọ́, kí ló dé tí ìwúwo mọ́tò kì í fi yí síkúrù padà wálẹ̀? Torí ẹnu síkúrù há mọ́ra ni. Síkúrù tó bá yọ̀ jù, bí ẹ bá ṣe ń yọwọ́ báyìí ni mọ́tò á máa fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Gíríìsì tí ẹ ń fi sí i dáa, ẹ máa fi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan tó lágbára ti mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Lẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH (3:40 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ n ra ara mi padà. Kí ọmọ rántí púlì náà o. Púlì ẹnu kànga máa ń pín ipá sí méjì. Garawa 100 newton, 50 péré lẹ máa fi fà á.

Bíríkìlà Gíga (4:15 ìrọ̀lẹ́)

Àbúrò, irọ́ nìyẹn. Mo ti fi púlì fa kọnkéré sórí ilé alájà mẹ́ta, mo mọ ohun tí ọwọ́ mi rí. Púlì kan tí wọ́n so mọ́ òkè, tó dúró lójú kan, kò dín nǹkan kan kù. 100 lẹ máa fi fà á, díẹ̀ á tún lé e tí púlì bá ti dípẹtà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó yí ọ̀nà ipá padà: dípò kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu kànga máa fà sókè, á nàró, á máa fà sílẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ á sì bá a fà á.

Èyí tó ń pín in sí méjì ni èyí tí púlì fúnra rẹ̀ bá ẹrù gòkè. Ẹ so ẹnu okùn kan mọ́ òkè, okùn gba abẹ́ púlì tí ẹ so garawa mọ́, ẹ fa ẹnu kejì. Okùn méjì ló gbé garawa nígbà náà, 50 sí ọ̀tún, 50 sí òsì. Ṣùgbọ́n kànga tó jìn ní mítà 12, mítà 24 okùn lẹ máa fà. Ohun tí Tíṣà sọ nípa jáàkì náà ni.

Ọmọ Lẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH (4:19 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà, sà. Àwòrán kejì yẹn ni mo há sórí, mo gbàgbé èwo ló jẹ́.

Bàbá Tíṣà Àná (4:20 ìrọ̀lẹ́)

N ò sọ̀rọ̀ o.

Ọlọ́kadà Ọ̀nà Ọ̀yọ́ (7:48 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Èmi fẹ́ béèrè ti ìrìn. Lánàá, ewúrẹ́ kan já lu títì, mo tẹ bíréèkì, obìnrin tí mo gbé forí gbá mi lẹ́yìn, ó ní mo fẹ́ pa òun. Ṣé èmi ni mo tì í ni?

Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn (8:20 alẹ́)

Ẹ ò tì í. Òfin àkọ́kọ́ tí Newton (onímọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n ipá) gbé jáde lọ́dún 1687 ni: ohun tó dúró á fẹ́ máa dúró, ohun tó ń lọ á fẹ́ máa lọ ní ìyára kan náà lójú ọ̀nà tó tọ́, àfi bí ipá kan bá dá sí i. Bíréèkì dá ọ̀kadà dúró. Kò sóhun tó dá obìnrin náà dúró, ara rẹ̀ ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ títí tó fi bá ẹ̀yìn yín pàdé. Ẹ̀yìn yín ni bíréèkì tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sójú ọ̀nà nìyí. Agbára ìrìn ni ìdajì iye kílò nǹkan náà lọ́nà ìyára, lọ́nà ìyára náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ gbọ́, lẹ́ẹ̀mejì ni ìyára wọ ibẹ̀. Ọ̀kadà, ẹ̀yin àti èrò yín, ká ní kílò 250. Ní kìlómítà 36 láàárín wákàtí kan, ìyẹn mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, agbára yín jẹ́ 12,500 joule. Ẹ gbé e dé 72. Kì í ṣe 25,000 o, 50,000 ni. Bíréèkì kan náà, táyà kan náà: ibi tí mítà 10 ti tó láti dúró tẹ́lẹ̀, 40 lẹ máa nílò, láì tíì ka èyí tí ẹ rìn kí ọwọ́ yín tó fún bíréèkì. Tírélà tó wọn kílò 30,000, tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ní 72 yẹn, mílíọ̀nù mẹ́fà joule ló gbé dání. Ẹ má yà síwájú rẹ̀.

Ọlọ́kadà Ọ̀nà Ọ̀yọ́ (8:26 alẹ́)

Mílíọ̀nù mẹ́fà! Ẹ ṣé, Tíṣà. Ewúrẹ́ náà yè o, ká lè sùn.

Ìyá Ìbejì Jagun (8:55 alẹ́)

Mo ń ka gbogbo ẹ̀, mo sì ń kà á fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ní lífà (ẹ̀rọ tó ń yí lójú ibi kan láti gbé ẹrù) ni àlùmọ́gàjí, bárò àti ọ̀pá ìwọ̀ ẹja, kó pín wọn sí ìpele kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Ó ń fi ẹnu tatí.

Tíṣà Òkè Ẹlẹ́rìn (9:12 alẹ́)

Kó má há nǹkan kan sórí. Kó béèrè ẹyọ kan: kí ló wà láàárín? Bí ojú ibi tó ti ń yí ló wà láàárín, ìpele kìíní ni, àlùmọ́gàjí nìyẹn. Bí ẹrù ló wà láàárín, ìkejì, bárò nìyẹn: táyà níwájú, ọwọ́ lẹ́yìn, ẹrù láàárín wọn. Bí ọwọ́ ló wà láàárín, ìkẹta: ọ̀pá ìwọ̀ ẹja, ìdí rẹ̀ dúró lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ń gbé e láàárín, ẹja wà lórí. Ti ìkẹta máa ń náni ní ipá púpọ̀ sí i, àmọ́ orí ọ̀pá á sáré ju ọwọ́ lọ.

Ẹ mú un lọ sọ́jà lọ́la. Kó wo ibi tí àwọn alábárò ń gbé àpò lé.

Ìyá Ìbejì Jagun (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 alẹ́)

A lọ. Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi ti èlùbọ́, n ò rò pé ó ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe gbé àpò sínú bárò ló tì í síwájú, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí táyà. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Màámi, bí ẹ bá gbé e sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa rù ú. Ẹ jẹ́ kí táyà rù ú." Ọmọ mi mú téèpù jáde. Láti ojú táyà dé ọwọ́, 150 sẹ̀ńtímítà. Láti ojú táyà dé àárín àpò, 50. Àpò náà wọn kílò 90. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣírò, ó ní kílò 30 ni alábárò ń gbé, táyà ń gbé 60, tí a ò bá ka bárò fúnra rẹ̀. Ó wá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun fa àpò sẹ́yìn kí òun gbé e wò. Kò tilẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo fún un ní garawa kékeré, ìdajì omi ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kó na apá síwájú, kó gbé e dúró, kó má mira. Èmi jókòó, mo ń wo aago. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí apá ń gbọ̀n, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí." Mo ní, "Kí ló rẹ̀ ọ́? Ṣé o ṣiṣẹ́ ni?"

Ó ronú díẹ̀, òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀. Ó ní, "Rárá ma. Mò ń ná agbára."

Mo ní kó sọ garawa kalẹ̀.